Ìgbà wo ni ajá yín gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn?

Ẹ lọ bá ẹnikẹ́ni tó ń sin ajá ládùúgbò yín lónìí, kí ẹ bi í pé ṣé ajá rẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kíákíá ló máa dá yín lóhùn pé, "Ah, ó ti gbà á o." Ẹ wá bi í ní ìkejì: ọdún wo ló gbà á? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di "ẹ jẹ́ kí n ronú ná." Tó bá ronú tán, ẹ máa gbọ́ pé ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wálé ni, nígbà tó ṣì ń sùn nínú páálí. Ajá ọ̀hún ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Ó ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ náà ti bímọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ju èyí lọ: abẹ́rẹ́ tí Bíńgò gbà nígbà tó wà ní kékeré kò lè gbé e dé ọjọ́ ogbó. Agbára abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ tó máa ń tán, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ ṣe máa ń tán. Tó bá sì ti tán, kì í ṣe ajá nìkan ló wà nínú ewu. Ọmọ aládùúgbò tó ń gba ẹnu ọ̀nà yín kọjá lọ sílé ìwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé, ṣé ọ̀rọ̀ ajá ló kàn nígbà tí owó epo ń gòkè, tí ìrẹsì kò ṣeé rà? Ẹ fara balẹ̀. Ajá la fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ẹ̀mí èèyàn ló máa parí sí.

Àìsàn tí àwọn baba wa mọ̀

Àwọn baba wa mọ àìsàn yìí dáadáa, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ: dìgbòlugi. Ajá tó ń sáré káàkiri láìnídìí, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò mọ olówó rẹ̀ mọ́, tó ń gé igi, tó ń gé òkúta, tó ń gé èèyàn. Lóde òní, a ti sọ ọ̀rọ̀ náà di èébú. Ẹni tó bá ń bínú kiri, a ní ó ń ṣe bí ajá dìgbòlugi. A ń rẹ́rìn-ín sí i, a sì gbàgbé pé àìsàn gidi ni, ó sì ṣì wà láàárín wa.

Inú itọ́ ajá tó ní àìsàn yìí ni kòkòrò rẹ̀ máa ń wà. Tí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá gé èèyàn jẹ, tó bá ha èèyàn lára, tàbí tó lá ojú ọgbẹ́, kòkòrò náà á wọlé. Á máa gba inú iṣan rìn díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ọpọlọ. Oṣù méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń lò lójú ọ̀nà. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè ju ọdún kan lọ. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyẹn. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, ọmọ ti padà sílé ìwé, gbogbo ilé ti gbàgbé pé ajá gé ẹnikẹ́ni jẹ. Àfi lọ́jọ́ tí ara ọmọ bá gbóná, tó ń bẹ̀rù omi, tí omi inú ife kò ṣeé gbé mì mọ́. Tó bá ti dé ibẹ̀, kò sí oògùn òyìnbó, kò sí àgbo tó ń dá a dúró. Àwọn tó tíì yè é ní gbogbo àgbáyé kéré débi pé, tí ẹnì kan bá yè é, àwọn dókítà á kọ ọ́ sínú ìwé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún. Ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń kú. Ìdá 40 nínú 100 àwọn tó ń kú ni kò tíì pé ọdún 15. Tó bá sì kan ibi tí èèyàn ti ń kó o, ìdá 99 nínú 100 jẹ́ láti ara ajá. Kì í ṣe ọ̀bọ, kì í ṣe àdán, ajá ni. Bíńgò wa ni.

Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kó gbà á?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá ìbéèrè náà lóhùn. Ajá tó ti dàgbà, ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kó gba abẹ́rẹ́? Ó dá lórí èyí tí ẹ ń sọ, torí pé abẹ́rẹ́ ajá kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ pín in sí mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni ti dìgbòlugi. Ọmọ ajá máa ń gbà á tó bá ti pé oṣù mẹ́ta. Á tún gbà á nígbà tí ọdún kan bá kọjá lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, ó kù sọ́wọ́ irú oògùn tí wọ́n fún un àti òfin ìlú tó wà. Àwọn oògùn kan wà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé ọdún kan ni, àwọn míì jẹ́ ọdún mẹ́ta. Nílẹ̀ wa níbí, ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ dókítà ẹran máa ń sọ, èmi náà sì wà lẹ́yìn wọn. Ìdí kò ṣòro. Àìsàn náà wà ní ìgboro wa. Ajá tí kò ní olówó pọ̀. Iná ìjọba kò dúró, bẹ́ẹ̀ inú òtútù ni oògùn yìí gbọ́dọ̀ máa wà. Ẹni tó bá sì ní ọdún mẹ́ta lòun máa padà wá, ọdún márùn-ún ló sábà máa ń di. Ọdún kan rọrùn láti rántí: ẹ fi sí ọjọ́ ìbí ọmọ yín, tàbí oṣù tí ẹ ń san owó ilé.

Ìkejì ni abẹ́rẹ́ tó ń dènà parvo, distemper àti àrùn ẹ̀dọ̀ ajá. Ẹni tí parvo bá ti pa ọmọ ajá rẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ: ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, èébì, kó tó di ọjọ́ kẹta ó ti tán. Èyí ni ọmọ ajá máa ń gbà léraléra, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn, títí yóò fi lé ní oṣù mẹ́rin dáadáa. Á tún gba ọ̀kan sí i láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Tó bá ti gba gbogbo èyí pé, ààbò rẹ̀ máa ń pẹ́ lára ajá. WSAVA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú ajá àti ológbò káàkiri àgbáyé, sọ pé kò yẹ kí ajá tó ti dàgbà máa gba irú abẹ́rẹ́ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹ ò rí i pé èyí yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe?

Ìkẹta ni ti leptospirosis. Inú ìtọ̀ eku ni kòkòrò èyí máa ń wà, ó sì máa ń ran èèyàn náà. Ààbò tirẹ̀ kì í pẹ́ lára. Tí ajá bá ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn, lẹ́yìn náà ó di ọdọọdún. Ẹ wo gọ́tà ìta wa, ẹ wo eku tó ń jáde níbẹ̀ lálẹ́, ẹ máa mọ̀ pé èyí kì í ṣe eré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú ni pé inú ìgò kan náà ni wọ́n sábà máa ń po ìkejì àti ìkẹta pọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń ní kí ẹ mú un wá lọ́dọọdún fún gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń jà yín lólè. Àmọ́ ẹ̀tọ́ yín ni láti bi í léèrè: "Dókítà, èwo nínú èyí ni ajá mi nílò lọ́dún yìí? Ṣé ẹ ní èyí tó jẹ́ ti leptospirosis nìkan?" Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Tí owó yín kò bá sì ká gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe torí ẹ̀ jókòó sílé. Ẹ kọ́kọ́ gba ti dìgbòlugi, torí òun ló lè pa ọmọ ẹlòmíì.

Àwọn ìbéèrè kékeré mélòó kan kù. Ajá àgbà tí ẹ rà tàbí tí ẹnì kan fún yín, tí ẹ kò rí káàdì rẹ̀ ńkọ́? Ẹ kà á sí ẹni tí kò gbà rí, kí dókítà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ajá tó ti darúgbó ńkọ́? Ogbó kò dá abẹ́rẹ́ dúró. Èyí tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ kó gbádùn ná, dókítà ló máa sọ ìgbà. Ajá tí kì í jáde nínú ọgbà? Ẹni tó bá gbé ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta mọ̀ pé kò sí géètì tí kì í ṣí. Ọlọ́kadà á gbé ẹrù wá, ọmọ ọ̀dọ̀ á lọ da ilẹ̀ nù, Bíńgò á ti fò jáde. Àti pé ajá ìta náà mọ bí wọ́n ṣe ń fo ògiri wọlé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù

Ohun kan wà tó ń da àwọn èèyàn rú. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà lókè òkun máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ajá tiwọn kì í gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rárá, kí ló dé tí ẹ̀yin ń náwó lásán? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti lé dìgbòlugi kúrò lára ajá tipẹ́. Ajá tó bá fẹ́ rìnrìn àjò jáde ni wọ́n sábà máa ń fún lábẹ́rẹ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló fi òfin mú un ní dandan, tí ajá tó ti gba méjì àkọ́kọ́ sì lè máa gba èyí tó jẹ́ ọdún mẹ́ta.

Àmọ́ Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe Mọ́kọ́lá. Ẹni tí odi yí ilé rẹ̀ ká lè sùn láìti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń gbé lẹ́bàá ọjà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti lé àìsàn náà kúrò lára ajá tiwọn ni wọ́n fi lè sinmi. Àwa kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, a ti fẹ́ máa sinmi.

"Ṣé ọmọ yín kú ni?"

Ní ìpàdé onílé kan tí mo wà níbẹ̀, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, báńdéèjì wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Ajá bàbá kan ní òpópónà kejì ló gé e jẹ. Ìyá náà kò bèèrè owó. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ fi káàdì abẹ́rẹ́ ajá yín hàn mí, kí ọkàn mi lè balẹ̀." Bàbá náà ní ajá òun ti gba abẹ́rẹ́. Wọ́n ní ìgbà wo? Ó ní láti kékeré. Wọ́n ní káàdì ńkọ́? Inú bí i. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé ọmọ yín kú ni?"

Gbogbo wa dákẹ́. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ̀tù síjà, wọ́n ní kí ìyá ọmọ máa bínú, kí Bàbá fi nǹkan díẹ̀ tọ́jú ọmọ. Wọ́n parí rẹ̀ bí ẹni parí ìjà omi ẹ̀rọ. Ó dùn mí, torí kì í ṣe ìjà. Ohun tí ìyá yẹn ń bèèrè ni ohun kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì: déètì. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù: ìyá náà kò dúró de káàdì, ilé ìwòsàn ló gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ náà gba gbogbo abẹ́rẹ́ tó yẹ, ó wà láàyè, ó ń lọ sílé ìwé. Owó tí ìyá rẹ̀ ná lé ìlọ́po owó tí Bàbá ìbá fi fún ajá lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ni òfin sọ?

Níwọ̀n bí mo ti ka ìwé òfin, ẹ jẹ́ kí n dá sí apá yìí, torí ọ̀pọ̀ olówó ajá rò pé tí wọ́n bá ti kọ "BEWARE OF DOGS" sára géètì, ó parí. Kò parí o. Nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan lára ohun tí kóòtù máa ń wò ni bóyá olówó ajá mọ̀ pé ajá òun máa ń géni jẹ. Àkọlé yẹn lè di ẹ̀rí pé ẹ mọ̀. Ohun tí ẹ kọ láti fi dáàbò bo ara yín lè padà wá ta kò yín.

Ìkejì, nínú Criminal Code tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Gúúsù ń lò, ẹ ka abala 343. Lára ìwà àìbìkítà tó kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn ní ẹranko lọ́wọ́ kó má sì ṣe ohun tó yẹ láti dènà ewu tó ṣeé ṣe kó ti ara ẹranko náà wá. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló wà nídìí rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ń sin ajá níbi tí dìgbòlugi wà, tó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ wà, tí kò fún un, ó yẹ kó lè ṣàlàyé ara rẹ̀ níwájú adájọ́.

Ìkẹta ni èyí tó ń ká mi lára jù. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà tọdún 1999, ní apá tí wọ́n ń pè ní Fourth Schedule, to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Gbogbo wa mọ̀ pé ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìpẹran wà níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbowó. Àmọ́ ó tún wà níbẹ̀ pé àwọn ni yóò máa ṣàkóso bí a ṣe ń sin ẹran ọ̀sìn inú ilé àti bí wọ́n ṣe ń rìn kiri, irú yòówù kí wọ́n jẹ́. Ẹ kà á dáadáa: ìjọba ìbílẹ̀. Kì í ṣe Abuja. Kaǹsù yín gan-an ni.

Nígbà tí wolé-wolé ṣì ń wolé, wọ́n máa ń yẹ ìkòkò omi wò bóyá kòkòrò ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Ta ló ń yẹ ajá wò báyìí? Àwọn òṣìṣẹ́ kaǹsù mọ bí wọ́n ṣe ń fún ṣọ́ọ̀bù ní tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n lè wá sí ṣọ́ọ̀bù kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù. Tí wọ́n bá lè ka ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lè ka ajá.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe pẹ̀lú ọkọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ìnṣọ́ránsì third party fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni kúrò ní 5,000 náírà, ó di 15,000. A pariwo, àmọ́ à ń san án lọ́dọọdún, torí a mọ̀ pé ọlọ́pàá lè dá wa dúró. Kí sì ni third party? Owó tí ẹ san kí ẹlòmíì má bàa jìyà ohun tí ọkọ̀ yín ṣe ni. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, third party ajá ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó gbá èèyàn, a lè gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn kó yè. Ẹni tí dìgbòlugi bá ti mú, kò sí ibi tí a máa gbé e lọ.

Ta ló ń gún un, inú kí ló ti wà?

Ọ̀nà méjì ni abẹ́rẹ́ fi lè di omi lásán. Àkọ́kọ́ ni òtútù. Oògùn yìí gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 láti ilé iṣẹ́ títí dé ara ajá. Ẹ̀rọ amómitutù tí kò ríná fún ọjọ́ méjì kò yàtọ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ìkejì ni ẹni tó ń gún un. Àwọn kan á ra oògùn lọ́jà, wọ́n á fi nọ́ọ̀lù gbé e rìn nínú oòrùn, wọ́n á gún ajá fúnra wọn, wọ́n á ní àwọn ti fi owó dókítà pamọ́. Òfin wà tó sọ pé dókítà ẹran tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria ni ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ yìí. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ó máa yẹ ajá wò ná, ó máa kọ déètì sínú káàdì, ó máa fọwọ́ sí i, á lẹ bébà ara ìgò mọ́ ọn. Láìsí káàdì, ẹ kò ní ẹ̀rí kankan.

Ilé ìwòsàn ẹran ti ìjọba wà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní Yunifásítì Ìlọrin àti ní ti iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà ẹran níbẹ̀. Àjọ NVRI tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe oògùn dìgbòlugi ajá níbí nílé. A kò lè sọ pé kò sí.

Mo tún fẹ́ rán àwọn ọdẹ létí. Ajá ọdẹ ló ń bá ẹran ìgbẹ́ jà, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́. Bákan náà ni àwọn tó ń pa ajá, yálà fún Ògún ni tàbí fún ìsọ̀ ẹran bíi ti Oǹdó. Ẹni tó ń di ajá lẹ́nu mú kó tó dúńbú rẹ̀ wà nínú ewu ju ẹni tó ń jẹ ẹran tó ti jinná lọ. Abẹ́rẹ́ tí èèyàn máa ń gbà ṣáájú wà fún irú wọn.

Tí ajá bá ti géni jẹ

Ẹ fọ ojú ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ata sí i, ẹ má sun irun ajá lé e. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lẹ́yìn ìsinmi. Abẹ́rẹ́ èèyàn ju ẹyọ kan lọ: ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, òmíràn ní ọjọ́ kẹta, ìkeje, títí dé ibi tí dókítà bá ní kó dé. Ẹ má dá a dúró lójú ọ̀nà torí pé ara ti yá. Tí ọgbẹ́ bá jìn, wọ́n tún lè fi oògùn míì sí ojú ọgbẹ́ náà.

Ẹ má sì pa ajá náà. Mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo àdúgbò máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n gbé igi. Ẹ tì í mọ́ ibi tí kò ti lè jáde, kí dókítà ẹran máa wò ó fún ọjọ́ 10. Tí ajá bá ṣì wà láàyè tí ara rẹ̀ le lẹ́yìn ọjọ́ 10, a jẹ́ pé kòkòrò náà kò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó géni jẹ. Tí ẹ bá ti lù ú pa tí ẹ sì ti sin ín, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ẹ ní ni ẹ sin yẹn. Àmọ́ kí wọ́n tó parí wíwo ajá, kí ẹni tó gé jẹ ti máa gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀.

Ó ṣeé ṣe

Àwọn kan á ní Nàìjíríà kọ́ ni yóò ṣe é. Ẹ wo Mẹ́síkò. Ní 1990, 60 èèyàn ni dìgbòlugi ajá mú níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, láti àdúgbò dé àdúgbò, lọ́dọọdún. Ní 1999, ó ti di mẹ́ta. Ní 2006, ó di òdo. Ní 2019, Àjọ WHO kéde wọn gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fòpin sí ikú èèyàn látọwọ́ dìgbòlugi ajá. Wọn kò pa gbogbo ajá ìlú. Wọn kò lọ́rọ̀ bíi Jámánì. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fún ajá, wọn kò sì jẹ́ kó sú wọn.

Iye tí àwọn onímọ̀ sọ pé ó ń ṣẹ́gun àìsàn yìí ni ìdá 70 nínú 100. Tí ajá méje nínú mẹ́wàá ládùúgbò kan bá ti gba abẹ́rẹ́, tí déètì rẹ̀ kò sì tíì kọjá, àìsàn náà kò ní rí ibi gbà mọ́. Ẹ kíyè sí i: déètì tí kò tíì kọjá. Àwọn ajá tó gbà á ní kékeré ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn kò sí nínú méje yẹn. Ibi tí a ti ń tan ara wa nìyẹn, a rò pé a ti tó méje, bẹ́ẹ̀ bóyá méjì péré la jẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ kò pọ̀. Kí wọ́n ka ajá tó wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n yan ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún tí dókítà ẹran máa jókòó sí ọjà, ilé ìwé tàbí ààfin, kí abẹ́rẹ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, ọjọ́ tí Louis Pasteur, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún èèyàn, kú ní 1895. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò yẹn. Ó dára, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ní olú ìlú, níwájú kámẹ́rà, kò tó.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé náà, ẹ fi í sínú òfin àdúgbò yín. Bí ẹ ṣe ń bèèrè owó ọlọ́dẹ àti owó tírànsífọ́mà, ẹ máa bèèrè káàdì ajá. Ìwé kan ṣoṣo tó gbé déètì kan ṣoṣo ni.

Ní ti ẹ̀yin tó ní ajá nílé, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ wá káàdì yẹn jáde lónìí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí nínú báàgì ìwé ilé. Tí déètì ibẹ̀ bá ti lé ní ọdún kan, ẹ pe dókítà lọ́la. Tí ẹ kò bá sì rí káàdì, ẹ pè é lónìí.